Hula Hawaii: Oníjó Pọ̀ Lọ Súà, Olùkọ́ Ló Wọ́n

Ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀kọ́ hula ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á tò síta, wọ́n á so aṣọ ijó mọ́ ìdí. Wọn kì í kan ilẹ̀kùn, wọn kì í sì dédé já wọlé. Wọ́n á fi ohùn kan ṣoṣo sun oli, ìyẹn ewì tí wọ́n ń fi ẹnu lásán sun láìsí ìlù, láti fi tọrọ àyè. Olùkọ́ wà nínú ilé, ó ń gbọ́ wọn. Bí èémí wọn bá já láàárín ẹsẹ, tàbí tí ohùn wọn kò bá ṣọ̀kan, kò ní dá wọn lóhùn, wọ́n á tún un sun. Ìgbà tí olùkọ́ bá tó fi oli tirẹ̀ dáhùn láti inú ilé ni ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tó wọ hālau, ilé ẹ̀kọ́ ijó.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ mọ́ orúkọ hula ni obìnrin tó ró koríko, tó fi èèpo àgbọn bo àyà, tó ń mi ìdí fún àwọn tó wá gbafẹ́ létí òkun. Àwòrán yẹn ti rin ayé ju ijó náà fúnra rẹ̀ lọ. Awuyewuye tó wà nílẹ̀ ní Hawaii láti bí ọdún mélòó kan kò sì ṣẹ̀yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àwọn olùkọ́ ijó náà, tí wọ́n ń pè ní kumu hula, ṣe ìpàdé ńlá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí àrùn kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n lè forí korí. Iye wọn lé ní 100. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n sọ ní Huamakahikina. Kókó rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Hawaii ló ni hula, pé ọwọ́ àwọn kumu ni àṣẹ rẹ̀ wà, àti pé àwọn kò ní máa wò ó níran mọ́ kí ẹni tó bá wù sọ ọ́ di ọjà títà.

Ẹni tó wà lókèèrè lè béèrè pé, ijó tí gbogbo ayé ti ń jó, kí ló tún ń bà wọ́n lẹ́rù? Èmi rí i báyìí: iye oníjó kò fìgbà kan jẹ́ ìṣòro hula. Ohun tó ń wọ́n lọ ni olùkọ́ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, èdè tí ijó náà ń sọ, igbó tó ti ń gba ewé, àti ilẹ̀ tí ọmọ Hawaii máa dúró lé lórí jó o.

Ọ̀rọ̀ ni hula. Orí ewì tí wọ́n ń pè ní mele ló dúró lé. Bí kò bá sí mele, kò sí hula, ìlù àti ẹsẹ̀ lásán kò lè gbé e dìde. Mele inoa wà, ìyẹn oríkì ọba, ìjòyè tàbí ọmọ tuntun. Òmíràn ń ki ibùdó, nítorí afẹ́fẹ́ àdúgbò kan àti òjò rẹ̀ ní orúkọ tiwọn lọ́dọ̀ wọn. Òmíràn jẹ́ ti Pele, òrìṣà obìnrin tó ń gbé inú òkè ayọnáyèéfín. Ọwọ́ oníjó ló ń fi ọ̀rọ̀ yẹn han ojú: ọwọ́ á di òdòdó, á di ìgbì omi, á di òjò tó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òwe wọn kan sọ pé, "Kuhi nō ka lima, hele nō ka maka," ibi tí ọwọ́ bá nà sí, ibẹ̀ ni kí ojú lọ. Oníjó tó bá na ọwọ́ sí òkè, tó wá ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya fọ́tò rẹ̀, ti já ọ̀rọ̀ sí méjì.

Nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní kaona. Òjò inú mele lè jẹ́ òjò, ó sì lè jẹ́ olólùfẹ́ tó yọ́ wọlé lóru. Òdòdó lè jẹ́ ọmọ. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Hawaii á rí òjò nìkan, á sì pàtẹ́wọ́ fún òjò. Ìdí nìyí tí kumu gidi kì í fi í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdí mímì. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ há mele sórí, á mọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún, á mọ òkè tí wọ́n dárúkọ nínú rẹ̀.

Ẹ wo kumu fúnra rẹ̀ níbi tó jókòó sí lórí ẹní. Ipu heke ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, akèrègbè méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, kékeré lórí ńlá. Ó gbé e, ó fi ìdí rẹ̀ gbún ẹní, ohùn tó nípọn jáde: ū. Bó ṣe ń gbé e padà sókè, ó fi ọmọ ìka gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohùn tó mú jáde: tē. Ū, tē. Ū, tē-tē. Orí ìlù yìí ni ẹsẹ̀ àwọn oníjó ń rìn, orúnkún wọn á tẹ̀, èjìká wọn kò ní mì. Kumu á máa sun mele lọ láìdánudúró, á sì máa wo ẹsẹ̀ ogún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti wo fídíò irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ títí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìyàtọ̀ nígbà tí ìka bá gbá akèrègbè lókè ọrùn àti nígbà tó bá gbá a nísàlẹ̀.

Èyí tí mo ń sọ yìí ni hula kahiko, ti àtijọ́. Hula ʻauana ni ti òde òní, ó ní gìtá, ó ní ʻukulele, ohun èlò olókùn mẹ́rin tó ti ara èyí tí àwọn ará Madeira gbé dé lọ́dún 1879 wá. Àwọn kan máa ń rò pé kahiko nìkan ni ojúlówó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mele àti èdè ló wà nínú méjèèjì.

Kumu ní ìtumọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí olùkọ́. Ó tún jẹ́ ìdí igi, orísun, ibi tí ẹ̀ka ti yọ. Ẹnikẹ́ni kì í fi ara rẹ̀ jẹ kumu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ máa lò lábẹ́ olùkọ́ kan kó tó dé ʻūniki, ètò ìgbàṣẹ tó ní èèwọ̀ tirẹ̀, oúnjẹ tí wọn kì í jẹ nígbà rẹ̀, àti ìdánwò níwájú àwọn àgbà. Ìyàtọ̀ wà láti ìdílé ijó kan sí èkejì, àwọn fúnra wọn sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Òwe wọn ni pé, "ʻAʻole pau ka ʻike i ka hālau hoʻokahi," gbogbo ìmọ̀ kò tán sí ilé ẹ̀kọ́ kan. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹni tó ń kọ́ni sọ ẹni tó kọ́ ọ, wọn ò fi ipá mú ẹnikẹ́ni jó bí ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n ń wádìí ni ìdí igi tó ti yọ.

Kí ló dé tí ara wọn fi gbóná tó báyìí? Wọ́n ti rí i rí bí wọ́n ṣe gba ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ijó náà. Ní 1820, àwọn míṣọ́nnárì gúnlẹ̀ láti Boston. Lójú wọn, hula kò ju ìbọ̀rìṣà àti ìṣekúṣe lọ. Ayaba Kaʻahumanu gba ìgbàgbọ́, nígbà tó sì di 1830, ó fòfin de hula ní gbangba. Ijó náà sá lọ sí ìgbèríko. Ní 1859, òfin mìíràn ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbé hula jáde fún owó san dọ́là 10 fún ìwé àṣẹ ìgbà kọ̀ọ̀kan, owó tó pọ̀ púpọ̀ láyé ìgbà náà.

Ọba Kalākaua, tó gorí ìtẹ́ ní 1874, ló mú un padà sí ojú ọjà. Nígbà ìwúyè rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1883, wọ́n jó hula níwájú ààfin ʻIolani ní Honolulu ní ìṣojú gbogbo ayé. Ìwé tí wọ́n tẹ orúkọ àwọn mele náà sí di ẹjọ́: wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn tó lọ́wọ́ nínú títẹ̀ ẹ́ pé ọ̀rọ̀ rírùn wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n pè lẹ́jọ́, wọn ò pe ìdí. Àwọn ọ̀tá hula mọ ibi tí agbára rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan wó. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1893, àwọn oníṣòwò kan gba ìjọba lọ́wọ́ Ayaba Liliʻuokalani, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà sì ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Ní 1896, òfin sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìkọ́ni nílé ìwé. Ní 1898, Amẹ́ríkà kó erékùṣù náà mọ́ tirẹ̀. Ìran kan dàgbà tí wọ́n ń nà nílé ìwé torí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ ọ̀rọ̀ kúrò lára hula, wọ́n fi ìdí sílẹ̀, wọ́n sì rí ẹni rà á. Ọkọ̀ ojú omi ń já àwọn àlejò sí Waikīkī, òtẹ́ẹ̀lì ń fẹ́ ohun tí wọ́n máa wò. Koríko tí wọ́n ń ró nínú àwòrán yẹn gan-an, láti erékùṣù Gilbert ló ti bá àwọn òṣìṣẹ́ oko wá ní nǹkan bí ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Aṣọ kapa tí wọ́n ń fi èèpo igi lù àti ewé ni àwọn ará Hawaii ń lò. Láti 1937 títí di 2002, àfihàn kan tí ilé iṣẹ́ Kodak dá sílẹ̀ ń wáyé ní Waikīkī ní ojúmọmọ, kí àwọn àlejò lè rí ìmọ́lẹ̀ ya fọ́tò. N kò ní bú àwọn ìyá tó jó níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Hawaii tó mọ iṣẹ́ yẹn dénú, wọ́n sì fi bọ́ ọmọ.

Nínú ilé, àwọn kan kò jẹ́ kí iná náà kú. Mary Kawena Pukui, tí wọ́n bí ní 1895, gba ìtàn àti mele lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀, òun àti Samuel Elbert sì gbé ìwé atúmọ̀ èdè Hawaii jáde ní 1957. ʻIolani Luahine jó títí ayé fi gbọ́ orúkọ rẹ̀. Edith Kanakaʻole gba hula lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní Hilo, ó sì gbé e lé àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì lọ́wọ́. Maiki Aiu Lake ṣe ohun tí àwọn kan kọminú sí: ó gba àwọn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ó kọ́ wọn láti di olùkọ́, ó sì yọ̀ǹda kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé. Robert Cazimero wà lára àwọn tó kọ́, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ hula sílẹ̀ fún ọkùnrin nìkan ní 1975, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ijó obìnrin ni. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, òfin ìpìlẹ̀ sọ èdè Hawaii di èdè ìjọba pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ kékeré tó ń sọ ọ́ nígbà náà kò pọ̀ mọ́ rárá. Ní 1984, àwọn òbí àti olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi Pūnana Leo, níbi tí wọn ò ti ń sọ èdè mìíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo èyí pa pọ̀ lónìí, Hilo ni kó lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Àjíǹde. Òkun ya wọ ìlú yẹn ní oṣù karùn-ún ọdún 1960, ó pa ènìyàn 61. Ìlú náà ń wá ohun tó máa gbé e dìde, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún Merrie Monarch ní 1964, orúkọ ìnagijẹ Kalākaua ni. Ní 1971, Dottie Thompson àti George Naʻope sọ ọ́ di ìdíje hula. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jó ń jẹ́ orúkọ Edith Kanakaʻole. Hālau kọ̀ọ̀kan máa ń kọ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn adájọ́ ṣáájú, láti ṣàlàyé ẹni tó ni mele wọn, ìtumọ̀ rẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi wọ irú aṣọ tí wọ́n wọ̀.

Láàárín àkókò yìí, hula ti kọjá sí òkèèrè. Ní Japan, wọ́n ń ti ibi ìwakùsà èédú pa ní agbègbè Iwaki, ilé iṣẹ́ náà bá kọ́ ibi ìgbafẹ́ kan tó dà bí Hawaii ní 1966, àwọn ọmọbìnrin awakùsà ló sì kọ́ hula láti jó níbẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn ló ń kọ́ hula ní Japan. Nínú wọn ni àwọn tó ń fi ọdún gbọọrọ kọ́ èdè Hawaii wà, tí wọ́n sì ń fi ọ̀wọ̀ wá sí Hilo. Ọ̀pọ̀ kumu ló ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ síbẹ̀ lọ kọ́ni, torí owó ibẹ̀ ni wọ́n fi ń san owó ilé wọn ní Hawaii. Ọ̀rọ̀ náà kò wá lè jẹ́ pé kí àlejò má jó.

Ohun tí wọ́n ń ké lé lórí ni ẹni tó wo ijó nínú fídíò, tó há a, tó sì ń kọ́ ẹlòmíràn láìmọ ẹni tí mele náà ń kì. Wọ́n ń ké lórí oyè kumu tí àwọn kan ń gbà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àti iléeṣẹ́ tó ń fi orúkọ àti orin wọn polówó ọjà. Òfin kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Amẹ́ríkà mọ òǹkọ̀wé kan, ó sì fún un ní ìgbà ayé rẹ̀ pẹ̀lú 70 ọdún. Mele tí ìdílé kan ti ń sun láti igba ọdún kò ní irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀, nítorí náà lójú òfin, ti gbogbo ayé ni. Ní 2023, àwọn aṣòfin Hawaii ní kí ìgbìmọ̀ kan wo bí a ṣe lè dáàbò bo ìmọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Lójú tèmi, òfin lè dá oníṣòwò dúró. Kò lè bí kumu kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ igbó. Nínú hālau tó ṣì ń tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́, pẹpẹ wà fún Laka, òrìṣà hula. Ewé tútù ni wọ́n fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́: maile tó ń ta sánsán, palapalai, àti òdòdó pupa lehua tí igi ʻōhiʻa ń yọ. Ewé yìí náà ni oníjó ń fi dé orí, tó ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀. Kò sí igbó, kò sí pẹpẹ. Nígbà tí àbádòfin kan wọ ilé aṣòfin ní 1997 láti dín ẹ̀tọ́ kù tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní láti wọ ilẹ̀ olówó lọ já ewé, Vicky Holt Takamine, òun náà kumu, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Wọ́n gbé pahu, ìlù tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi tí wọ́n sì fi awọ ẹja ńlá inú òkun bò, lọ síwájú ilé aṣòfin ní Honolulu, wọ́n sì ń lù ú tọ̀sán tòru. Àbádòfin náà kú síbẹ̀. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ sórí òkè Maunakea, oli àti hula ni wọ́n fi ń jí, òun ni wọ́n fi ń sùn lójú ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn àgbà tí ọlọ́pàá kó lọ́jọ́ kan ṣoṣo lé ní 30.

Ọ̀tá tí igbó ní báyìí kò ṣeé lu ìlù lé. Nínú ìtàn wọn, Hōpoe ló kọ́ Hiʻiaka, àbúrò Pele, ní hula nínú igbó lehua ní Puna. Ní Puna yìí kan náà, ní nǹkan bí ọdún 2010, àwọn ènìyàn rí i tí ʻōhiʻa tó gbó dáadáa ń pọ́n lórí ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tó sì ń kú. Ohun tó ń pa á wà nínú ẹbí olú, bí irú èyí tí ń mú kí búrẹ́dì bu. Ó ń gba ojú ọgbẹ́ wọ inú igi, ó sì ń dí ojú ọ̀nà omi. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ọ̀kan nínú oríṣi rẹ̀ ní lukuohia, apa-ʻōhiʻa. Igi tó ti pa ní erékùṣù Hawaii ti lé ní mílíọ̀nù kan. ʻŌhiʻa ló sì pọ̀ jù nínú igbó ìbílẹ̀ wọn, òun ni ó kọ́kọ́ ń hù lórí àpáta tí iná òkè bá yọ́ sílẹ̀.

Bí igi ṣe ń lọ ni ènìyàn náà ń lọ. Owó ilé ti le débi pé, nínú ètò ìkànìyàn 2020, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Hawaii tó ń gbé ní Amẹ́ríkà òkè-òkun ju àwọn tó wà nílé lọ. Las Vegas ni wọ́n ń pè ní erékùṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2023, iná jó Lahaina, olú-ìlú àwọn ọba wọn nígbà kan rí. Ènìyàn 102 ló bá a lọ, ilé tó lé ní 2,000 sì di eérú. Hula wà ní Las Vegas, ó wà ní San Francisco, níbi tí Patrick Makuakāne ti ń kọ́ni láti 1985. Ṣùgbọ́n mele tó ń ki òjò àdúgbò kan ń fẹ́ ẹni tí òjò náà ti pa rí.

Ọ̀pọ̀ hālau ti fi lehua sílẹ̀, pàápàá àwọn tó ń lọ sí Hilo fún ìdíje. Ẹ̀ka tí wọ́n bá ṣẹ́ lè gbé àrùn rìn, ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ sì jẹ́ ọgbẹ́. Àwọn tó ṣì ń lọ já ewé mìíràn ti ní ètò tuntun létí igbó. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn erùpẹ̀ kúrò ní ìsàlẹ̀ bàtà, wọ́n á fín ọtí tó mú sí i, wọ́n á fín in sí ọ̀bẹ, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tò, wọ́n á kọjú sí igi, wọ́n á sì sun oli ìtọrọ àyè, bí wọ́n ṣe ń sun ún lẹ́nu ọ̀nà olùkọ́ wọn. Wọ́n á dúró díẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Palapalai àti maile ni wọ́n máa kó bọ̀, lehua á wà lórí igi.